Ṣé ìrẹ́jẹ ni búrẹ́dì inú Bulette?

Gbólóhùn kan wà lọ́kàn mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò kúrò níbẹ̀. Àbúrò mi tó ń gbé ní Houston ló sọ ọ́ nígbà tó wá kí wa ní Berlin níbí. Ó jẹ Bulette, ẹran lílọ̀ dídín tí ará Berlin máa ń jẹ, ó yìn ín, ó wá bi mí ní ohun tí mo fi ṣe é. Mo kà á fún un: ẹran màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, àlùbọ́sà, ẹyin, mọ́sítáàdì, búrẹ́dì. Ibi búrẹ́dì ló ti dá mi dúró. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ẹran tí wọ́n fi búrẹ́dì lú nìyẹn.”

Kò fi bú mi. Níbi tó ti ń jẹun, òfin wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹnikẹ́ni bu omi tàbí ohun àmúlẹ̀ kankan, irú bíi búrẹ́dì, mọ́ ẹran lílọ̀ kó sì tà á lórúkọ hamburger. Ọ̀rá inú rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú 100 lọ. Ẹni tó ń jẹun lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, tó tún jẹ́ ọmọ Yorùbá tó mọ epo pupa tí wọ́n ń lú lọ́jà wa, kò lè gbọ́ pé búrẹ́dì wà nínú ẹran kó má fura.

Ohun tó dùn mí ni pé mi ò rí èsì kankan fún un lọ́jọ́ náà. Ó dá mi lójú pé oúnjẹ yìí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, àmọ́ kí nǹkan dáni lójú yàtọ̀ sí kéèyàn lè là á yé ẹlòmíì. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju òje lọ. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn búrẹ́dì yìí.

## Schrippe àná

Ní Berlin, Bulette ni wọ́n ń pè é. Ní Hamburg àti Köln, Frikadelle ni. Àwọn ará München ń pè é ní Fleischpflanzerl, àwọn ará Stuttgart ń pè é ní Fleischküchle. Oúnjẹ kan náà ni: ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe róbótó, tí wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ díẹ̀, tí wọ́n sì dín nínú páànù.

Fún 500 giráàmù ẹran, Schrippe kan ni mo máa ń lò. Schrippe ni búrẹ́dì kékeré tí ará Berlin ń jẹ láàárọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí inú rẹ̀ funfun fúyẹ́. Ti àná ló dára jù, tàbí ti ìjẹta. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò kì í gba omi bó ṣe yẹ, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Mo máa ń rẹ ẹ́ sínú mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí omi lásán, títí ẹ̀yìn líle yẹn náà yóò fi rọ̀, lẹ́yìn náà ni n óò fún un.

Àlùbọ́sà ni mo máa ń gé wẹ́wẹ́ gan-an, n óò sì fi bọ́tà díẹ̀ dín in lórí iná kékeré kó tó kan ẹran. Àlùbọ́sà tútù máa ń le lẹ́nu, ó sì máa ń tú omi sílẹ̀ nínú páànù. Ẹyin kan ló tẹ̀ lé e, mọ́sítáàdì ṣíbí kékeré kan, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan tí kò kún jù, ata dúdú, àti ewé: Petersilie tútù tàbí Majoran gbígbẹ. Majoran lèmi fẹ́ràn. Bí òórùn rẹ̀ bá ti jáde nínú abọ́, èèyàn ti mọ̀ pé ilé ìdáná ará Jámánì lòun wà.

Ẹran náà, ìdajì màlúù, ìdajì ẹlẹ́dẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn alápatà ń pò ó tà káàkiri Jámánì. Màlúù ló ni adùn, ẹlẹ́dẹ̀ ló ni ọ̀rá. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba ọ̀rá tó tó ìdá 20 nínú 100 fún ẹran lílọ̀ tó jẹ́ màlúù nìkan, ó sì gba ìdá 30 fún èyí tí ẹlẹ́dẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, èèyàn á sì mọ ìyàtọ̀ náà lẹ́nu. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan ní Berlin. Ní àdúgbò Wedding, Neukölln àti Kreuzberg, ọ̀dọ̀ alápatà ará Tọ́kì ni kó gbà lọ, kó ní kí wọ́n lọ màlúù àti àgùntàn pọ̀. Ọ̀rá àgùntàn á ṣe iṣẹ́ tí ti ẹlẹ́dẹ̀ ìbá ṣe. Àwọn ará Tọ́kì wọ̀nyí, tí púpọ̀ nínú bàbá àti ìyá wọn dé lẹ́yìn àdéhùn iṣẹ́ tí ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1961, ń ṣe köfte, irú Bulette tiwọn, pẹ̀lú. Búrẹ́dì àná wà nínú köfte ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n lú u.

## Ṣé ìyà ló bí i?

Ẹ bi ará Jámánì ìdí tí búrẹ́dì fi wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ní ìyà ló fà á. Wọ́n á ní ẹran wọ́n, àwọn ìyá àgbà sì ń wá ohun tí wọn yóò fi mú kí díẹ̀ pọ̀. Ìtàn yìí bá ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa wọn mu. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1939 ni wọ́n ti ń fi káàdì tí ìjọba fi ń pín oúnjẹ ra oúnjẹ. Ogun parí lọ́dún 1945, káàdì náà kò parí. Ìwọ̀-oòrùn Jámánì lò ó di 1950, ìlà-oòrùn lò ó di 1958. Ní Berlin, wọ́n gé igi Tiergarten, ọgbà ńlá àárín ìlú, fi dáná, wọ́n sì gbin pòtétò àti ewébẹ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n ebi kò tètè kúrò.

Fún ìgbà díẹ̀ mo rò pé èsì tí mo ń wá nìyẹn, pé n óò kàn sọ fún àbúrò mi pé ìrántí ìgbà ìyà ni, kó fi ojú àánú wò ó. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ pé ìyà nìkan ló fi búrẹ́dì síbẹ̀, kí ló dé tí kò tíì kúrò? Ẹran kò wọ́n ní Jámánì mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe Bulette ẹran nìkan lójoojúmọ́.

Màmá kan wà nílé wa tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Àjà kìíní ni wọ́n ń gbé, àwa wà lókè, Màmá Ìsàlẹ̀ la sì ń pè wọ́n láàárín ara wa. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà dí ọ̀nà tó wọ ìwọ̀-oòrùn Berlin lóṣù kẹfà ọdún 1948, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé oúnjẹ àti èédú wọlé títí wọ́n fi ṣí ọ̀nà náà lóṣù karùn-ún ọdún 1949. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ìgbà náà ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi búrẹ́dì sínú ẹran. Wọ́n wò mí.

Wọ́n ní, “Búrẹ́dì wo? Búrẹ́dì gan-an la ń tò fún. Tí èèyàn bá rí Schrippe nígbà náà, ó jẹ ẹ́ ni. Ta ni yóò rẹ ẹ́ sómi?”

Ìdáhùn yẹn tú ìtàn náà palẹ̀ lójú mi. Nígbà tí ebi pa wọ́n jù, pòtétò, ọkà òótì àti ohunkóhun tó bá wà nílé ni wọ́n fi ń mú kí ẹran pọ̀ sí i, bí ẹran bá tilẹ̀ wà. Kí Schrippe tó lè gbẹ nílé èèyàn, ó gbọ́dọ̀ ti ṣẹ́kù. Ilé tí nǹkan ti ń ṣẹ́kù díẹ̀ ni búrẹ́dì àná ti ń wà.

Ìtàn mìíràn wà tí àwọn ará Berlin fẹ́ràn: pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní Huguenot ló gbé Bulette dé, lẹ́yìn tí alákòóso Brandenburg ṣí ilẹ̀kùn fún wọn ní Potsdam lọ́dún 1685 nígbà tí wọ́n ń sá fún inúnibíni ẹ̀sìn. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ogun Napoleon ni. Mi ò ní dúró lórí èyí. Ẹni yòówù tó gbé e wá, ọwọ́ ará Berlin ló ti dàgbà.

## Páànù méjì

Mo pinnu láti fi ojú ara mi rí i. Mo ra ẹran lọ́dọ̀ alápatà láàárọ̀ ọjọ́ kan náà tí mo fẹ́ sè é, torí ẹran lílọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ di ọ̀la, mo sì pín in sí abọ́ méjì. Nínú abọ́ kan, mo fi ẹran, iyọ̀, ata, mọ́sítáàdì àti àlùbọ́sà sí i, ó tán. Nínú èkejì, mo fi gbogbo ìyẹn sí i, mo sì fi ẹyin àti Schrippe kún un. Mo sọ fún Màmá Ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n gòkè wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Wọ́n tètè dé, wọ́n kò sì jókòó. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n mú búrẹ́dì tó wà nínú omi, wọ́n fún un fúnra wọn.

Ọwọ́ wọn ni mo ń wò. Wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kan, omi dà. Wọ́n tún fún un díẹ̀, wọ́n dá ọwọ́ dúró nígbà tó ṣì ń rin wọ́n lọ́wọ́. Mo béèrè bóyá ó tó. Wọ́n ní, “Ẹ fi omi díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Tí ó bá gbẹ tán, inú ẹran ló máa ti mu omi tirẹ̀.” Wọ́n fi ìka fọ́ ọ sínú ẹran wẹ́wẹ́, wọ́n sì pò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tó fi di ara kan. Wọn ò tẹ̀ ẹ́, wọn ò gbo ó.

Mo rin ọwọ́ mi, mo ṣe àwọn Bulette náà ní ìwọ̀n kan náà, mo sì gbé páànù méjì ka iná kan náà. Butterschmalz ni mo fi dín in, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n ti yọ omi àti ìdọ̀tí mílíìkì kúrò nínú rẹ̀. Bọ́tà lásán ní omi tó tó ìdá 16 nínú 100, èyí tó ṣẹ́kù lára mílíìkì nínú rẹ̀ sì máa ń jó kí ẹran tó pọ́n. Iná náà kò pọ̀. Iná tó bá pọ̀ jù máa ń jó ẹ̀yìn nígbà tí inú ṣì tutù.

Láìpẹ́, ariwo páànù méjèèjì yàtọ̀ síra. Èyí tí búrẹ́dì wà nínú rẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dúró sójú kan. Èyí tó jẹ́ ẹran nìkan ń ta, omi ń jáde lára rẹ̀, omi náà ń hó yí i ká. Nígbà tí mo yí wọn padà, ti búrẹ́dì ti pọ́n láti etí dé etí. Ti ẹran nìkan ti súnkì, àárín rẹ̀ ti wú sókè, etí rẹ̀ nìkan ló pọ́n torí ibẹ̀ nìkan ló fara kan páànù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jinná, mo kó wọn sínú àwo, mo sì gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Mò ń wo inú ẹran. Màmá Ìsàlẹ̀ fi ọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n nawọ́ sí orí sítóòfù.

Wọ́n ní, “Ẹ wo inú páànù.”

Nínú páànù tí mo fi dín ẹran nìkan, omi eérú kan ti gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀, ọ̀rá sì pọ̀ ju èyí tí mo dà sí i lọ. Páànù kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti fi ń bi ara mí bóyá búrẹ́dì gba àyè ẹran lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹun. Ohun tó wà níwájú mi ni pé Bulette ẹran nìkan ló pàdánù ẹran. Omi rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀, adùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú páànù tí mo fẹ́ fọ̀. Ẹni tó jẹ èyí tí búrẹ́dì wà nínú rẹ̀ jẹ ohun tí mo rà lọ́wọ́ alápatà láàárọ̀. Ẹni tó jẹ èkejì jẹ èyí tó ṣẹ́kù.

## Iṣẹ́ tí búrẹ́dì ń ṣe

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò le láti yé. Okùn tín-ín-tín-ín ni prótéènì inú ẹran. Láti nǹkan bí ìwọ̀n 50 Celsius ni àwọn okùn náà ti ń súnkì, bí ooru bá sì ti kọjá 60 wọ́n á fún ara wọn mọ́ra gidi, wọ́n á fún omi inú wọn jáde. Nínú ẹran tó ṣì jẹ́ odidi, okùn náà gùn, ó tò létòlétò. Nínú ẹran lílọ̀, ó ti já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń dì mọ́ra níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Sítáàṣì inú búrẹ́dì tó ti rin máa ń wọ àárín wọn. Kì í jẹ́ kí okùn kan dì mọ́ èkejì tán, ó sì máa ń gba omi tó bá bọ́ sílẹ̀, á dì í mú.

Ìdí mìíràn tó fi ṣe pàtàkì ni pé Bulette gbọ́dọ̀ jinná dé inú. BfR, àjọ ìjọba Jámánì tó ń wo ewu inú oúnjẹ, ní kí ẹran dé ìwọ̀n 70 ní àárín fún ìṣẹ́jú 2 ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà máa ń fẹ́ kí àárín hamburger ṣì pupa díẹ̀ kí omi má bàa tán nínú rẹ̀. Ẹni tí ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹran rẹ̀ kò ní àyè yẹn. Búrẹ́dì ló jẹ́ kí ó jinná tán kó má sì gbẹ.

Ẹni tó bá ti se mọ́ínmọ́ín rí ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tó ń sọ pé ìyá òun fi omi lú ẹ̀wà. Omi tó bá wà ní ìwọ̀n ló ń mú mọ́ínmọ́ín rọ̀. Ẹ̀wà tó ki jù a máa le bí ó bá jinná. Ohun tí mo kọ̀ láti gbà ni pé ohun tí a mọ̀ nínú ìkòkò tiwa, a ò fẹ́ rí i nínú páànù ẹlòmíì.

Lórí pípò, ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le. Iyọ̀ máa ń tú prótéènì kan tó ń jẹ́ myosin sílẹ̀ lára ẹran, òun ló ń mú ẹran lílọ̀ lẹ̀ mọ́ra. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dára, òun ni kì í jẹ́ kí Bulette fọ́ nínú páànù. Bí èèyàn bá ń gbo ó lọ láìdáwọ́ dúró, myosin náà á pọ̀ jù, ẹran á wá ki, á máa ta padà lábẹ́ eyín. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ nínú sọ́séèjì nìyẹn. Nínú Bulette, fọ́ọ̀kì nìkan ló yẹ kó gé e. Mi ò kí ń gbé ọ̀bẹ sórí tábìlì lọ́jọ́ Bulette.

## Ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n dì mú

Láti ọjọ́ páànù méjì yẹn ni mo ti ń wo àwọn oúnjẹ ìgbà ọ̀wọ́n mìíràn, mo sì rí nǹkan kan. Nígbà tí kọfí kò sí, àwọn ará Jámánì ń yan ọkà báálì àti gbòǹgbò chicory, wọ́n ń mu ún, Muckefuck ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí kọfí dé, ọ̀pọ̀ ilé ló jù ú sílẹ̀. Nínú òtútù ọdún 1916 sí 1917, nígbà tí pòtétò kùnà, Steckrübe, gbòǹgbò ńlá kan tó le, ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Wọ́n fi í ṣe ọbẹ̀, wọ́n fi í sínú búrẹ́dì, wọ́n fi í ṣe jáàmù. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe òtútù ọdún náà títí dòní. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò fẹ́ fojú kàn án mọ́ títí wọ́n fi kú. Ohun tí ìyà nìkan fi lé wọn lọ́wọ́, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ ní kété tí ìyà lọ.

Búrẹ́dì inú Bulette kò bá wọn lọ. Ẹran pọ̀ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, owó sì wọlé. McDonald’s ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Jámánì ní München lọ́dún 1971, ẹran màlúù lásán sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ó dé gbogbo ìlú. Síbẹ̀ àwọn ìyá ń rẹ Schrippe sómi. Kò sí ẹni tó ń fi tipátipá mú wọn. Ohun tí èèyàn ṣì ń ṣe nígbà tí kò sí ohun tó ń mú un ṣe é mọ́, ó yẹ ká fi ọ̀wọ̀ bi í pé kí ló rí níbẹ̀.

Mò ń rò ó mọ́ ara wa pẹ̀lú, àwa tí a ń gbé òkè òkun. A máa ń yára kọ ohunkóhun tó bá jọ ti ẹni tó ń ṣún owó ná. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń fi ẹran kún ọbẹ̀ dé ẹnu kí àlejò lè mọ̀ pé ìyà ti tán, tí ọbẹ̀ náà kò sì dùn tó èyí tí ìyá wọn ń fi ẹran díẹ̀ sè. Ìyá yẹn mọ ìgbà tí a ń fi alùbọ́sà sí i, ó mọ iye omi, ó mọ bí iná ṣe ń lọ. Ìmọ̀ ni, ìyà ló kàn bá a níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i tí a kó ìmọ̀ náà dànù pọ̀ mọ́ ìyà.

Mi ò sọ pé ìyà dára. Màmá Ìsàlẹ̀ kì í sọ ìgbà èwe wọn bí ẹni tó ń ṣàárò rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé òtútù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí, ebi ló tẹ̀ lé e. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn ni ọgbọ́n ọwọ́: wọ́n mọ iye omi tó yẹ kó kù sínú búrẹ́dì láìfi òṣùwọ̀n kankan wọ̀n ọ́n.

## Ibi tí ìrẹ́jẹ ti bẹ̀rẹ̀

Àbúrò mi kò ṣì sọ pátápátá. Búrẹ́dì lè di ìrẹ́jẹ. Schrippe kan fún 500 giráàmù ẹran ń ṣe iṣẹ́ tí mo sọ. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, adùn ẹran á lọ, inú rẹ̀ á di búrẹ́dì tó rin lásán. Àwọn Bulette kan wà nínú náílọ́ọ̀nù ní súpámákẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, omi àti sítáàṣì ti gba àyè ẹran nínú wọn torí pé wọ́n ń dín owó kù. Ẹni tó ṣe ìyẹn kò ro ti ẹni tó máa jẹ ẹ́. Òfin Yúróòpù ní kí wọ́n kọ ìdá ẹran tó wà nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sára náílọ́ọ̀nù rẹ̀. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n sábà máa ń fi kọ nọ́ńbà náà, ó sì yẹ ká wá a kàn ká tó sanwó.

Ẹ̀rí tí mo ń lò nílé ni pé kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ má lè tọ́ka sí búrẹ́dì náà. Bí ó bá rí i, ó ti pọ̀ jù, tàbí wọn ò fọ́ ọ dáadáa.

## Bulette tó ti tutù

Gbígbóná ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, pẹ̀lú pòtétò sísè àti ewébẹ̀. Àmọ́ ní Berlin, Bulette tó ti tutù ní ipò tirẹ̀. Ní àwọn ilé ọtí àtijọ́, wọ́n máa ń gbé àpótí gíláàsì kan sórí káńtà tí wọ́n ń pè ní Hungerturm. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń to Bulette sí, pẹ̀lú ẹyin sísè tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀, ẹja Rollmops àti kùkúńbà oníkíkan. Ẹni tó bá ń mu bíà lè ní kí wọ́n mú ọ̀kan fún òun, kí ó fi ọwọ́ jẹ ẹ́, mọ́sítáàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹran nìkan ti ń já èèyàn kulẹ̀ jù lọ. Mo fi díẹ̀ nínú ti páànù méjì náà pa mọ́ sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá inú ti ẹran nìkan ti dì, okùn rẹ̀ ti le, ó nira láti jẹ. Ti búrẹ́dì ṣì rọ̀. Majoran ti wọ inú rẹ̀ ju ti àná lọ, adùn àlùbọ́sà tó ti rọ̀ sínú bọ́tà ti tàn ká gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, ọjọ́ kejì ló dùn jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ṣe iye tó máa ṣẹ́kù.

Pẹ̀lú sàláàdì pòtétò ni mo ń jẹ ẹ́ nígbà náà. Àwọn ará àríwá àti Berlin ń fi máyónéèsì ṣe é. Ní gúúsù, wọ́n ń da omi ẹran gbígbóná, ọtí kíkan àti òróró sí pòtétò náà nígbà tó ṣì gbóná kó lè mu ún. Ti gúúsù ni mo yàn, torí máyónéèsì máa ń bo adùn ẹran mọ́lẹ̀. Ẹ yọ Bulette náà kúrò nínú fíríìjì ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ, ẹ gé e sí méjì, kí ẹ fi mọ́sítáàdì pa ojú ibi tí ẹ gé. Ẹ má gbé e padà sórí iná.